Bí a Ṣe Ń Dá RRM Mọ̀ Lára Pròtíìnì, àti Bí a Ṣe Ń Dán an Wò Bóyá Ó Ń Di RNA Mú

Ẹni tó bá gbé lẹ́tà pròtíìnì kan (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún amino acid kan) sínú InterPro, ìkànnì tó ń dá àwọn abala pròtíìnì mọ̀, tí èsì sì jáde pé RRM (RNA recognition motif, abala tó sábà máa ń dá RNA mọ̀) wà lára rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ pé pròtíìnì náà ń di RNA mú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn RRM kan wà tó jẹ́ pé pròtíìnì ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń dì mú, tí wọn kì í fọwọ́ kan RNA. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ nígbà náà: kí a dá abala yẹn mọ̀, kí a sì dán an wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Adó, Oyè tàbí Ìkẹ́rẹ́ lè fi kọ̀ǹpútà àgbélétan ṣe ti àkọ́kọ́ parí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìkejì ń fẹ́ láàbù, áìsì, àti sùúrù bí ọjọ́ márùn-ún.

Ẹní tí RNA ń sùn lé

RRM jẹ́ abala kan lára pròtíìnì, tó máa ń tó amino acid 80 sí 90. Bó bá ti ká tán, ọ̀já pẹlẹbẹ mẹ́rin ló máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, okùn lílọ́ méjì á sì wà lábẹ́ tó gbé wọn ró. Ẹ wo ẹní Ògòtún tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀: ojú òkè ẹní ni RNA ń sùn lé, okùn lílọ́ méjèèjì sì ni ilẹ̀ tí ẹní wà lórí rẹ̀. Bí a bá ń ka pròtíìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀já kìíní ni a ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà okùn kìíní, ọ̀já kejì, ọ̀já kẹta, okùn kejì, ọ̀já kẹrin. Àmọ́ wọn kò tò bẹ́ẹ̀ lójú ẹní. Ìkẹrin ló wà létí, ìkíní tẹ̀lé e, ìkẹta tẹ̀lé ìkíní, ìkejì wá wà létí òdìkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí òun ló fà á tí ọ̀já kìíní àti ìkẹta fi ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: àwọn ló wà láàárín, níbi tí RNA ń gbé ara lé.

Lẹ́tà mẹ́fà tó wà lórí ọ̀já kìíní ni wọ́n ń pè ní RNP2. Lẹ́tà mẹ́jọ tó wà lórí ọ̀já kẹta ni RNP1. Nínú wọn ni a ti máa ń rí F àti Y, ìyẹn phenylalanine àti tyrosine, tí ara wọn ní òrùka pẹlẹbẹ. Lẹ́tà RNA (A, U, G àti C) náà pẹlẹbẹ. Ìkan á wá jókòó lórí ìkejì bí abọ́ ṣe ń jókòó lórí abọ́. R àti K (arginine àti lysine) tó wà nítòsí ń gbé charge rere, ẹ̀yìn RNA sì ń gbé charge òdì, ni wọ́n bá fa ara wọn mọ́ra. RRM kan ṣoṣo kì í di ju lẹ́tà RNA 2 sí 8 lọ, èyí tó kéré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pròtíìnì fi ní RRM méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin: bí wọ́n bá pa pọ̀, ibi tí wọ́n ń wá lórí RNA kò ní ṣì wọ́n lójú.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ wọn pọ̀. Èyí tí a mọ̀ jù lọ ni U1A, tó ń gbé nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní U1 snRNP, ẹ̀rọ tó ń dá ibi tí intron (apá RNA tí kì í sí nínú mRNA tó bá parí) ti bẹ̀rẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó gé e kúrò. U1A tún ń ṣọ́ ara rẹ̀: bó bá ti pọ̀ jù, méjì nínú rẹ̀ á lọ di mRNA tirẹ̀ fúnra rẹ̀ (RNA tó gbé ìlànà bí a ṣe ń kọ́ ọ) mú nítòsí ìparí, wọn ò sì ní jẹ́ kí ìrù A, ìyẹn ọ̀wọ́ A tó ń tẹ̀lé ara wọn ní ìparí mRNA, gùn lára rẹ̀. PABP, tó ní RRM mẹ́rin, ìrù A yẹn gan-an ló ń dì mú, ó sì ń ran ribosome, ẹ̀rọ tó ń kọ́ pròtíìnì, lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. HuR, tó ní mẹ́ta, máa ń dáàbò bo mRNA tí A àti U pọ̀ lára rẹ̀ kí ó má tètè bàjẹ́. TDP-43 ní méjì, ibi tí U àti G bá ti ń tẹ̀lé ara wọn léraléra ló fẹ́ràn. Nínú àrùn ALS tó ń pa iṣan, ó máa ń kúrò nínú núkílíọ̀sì, á lọ dì sí ìta. Ti àwọn tí kì í di RNA mú ńkọ́? RRM kẹta U2AF65, pròtíìnì SF1 ló ń dì mú. Y14 náà, ojú ẹní rẹ̀ ti kún fún Magoh.

Kíka lẹ́tà fúnra ẹni

Kí ẹ tó gbára lé ìkànnì èyíkéyìí, ẹ kọ́ ojú yín láti rí i. Bí RNP2 ṣe sábà máa ń rí ni: I, L tàbí V, lẹ́yìn rẹ̀ F tàbí Y, lẹ́yìn rẹ̀ I, L tàbí V, lẹ́tà èyíkéyìí, N, L. Bí RNP1 ṣe ń rí: K tàbí R; G; F tàbí Y; G tàbí A; F tàbí Y; V, I tàbí L; lẹ́tà èyíkéyìí; F tàbí Y. RNP2 ló ń ṣáájú, RNP1 á wá tẹ̀lé e lẹ́yìn bí lẹ́tà 30 sí 40.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí U1A ti èèyàn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ní UniProt, ìkànnì àkójọ lẹ́tà pròtíìnì, jẹ́ P09012. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

MAVPETRPNHTIYINNLNEKIKKDELKKSLYAIFSQFGQILDILVSRSLKMRGQAFVIFKEVSSATNALRSMQGFPFYDKPMRIQYAK

Ẹ fi ìka kà á. Ní lẹ́tà 12 dé 17, IYINNL: RNP2 nìyẹn, ó sì bá àpèjúwe mu pátápátá. Y tó wà ní ipò 13 ni abọ́ kan. Ẹ máa bọ̀ títí dé 52: RGQAFVIF, RNP1 nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa. Níbi tó yẹ kí F tàbí Y wà ní ipò kẹta, Q ló wà, ìyẹn Gln54. Síbẹ̀ U1A wà lára àwọn tó ń di RNA mú pinpin jù lọ. Nítorí náà, ẹ má sọ RRM nù torí pé lẹ́tà kan yàtọ̀. F56 ní ipò karùn-ún ṣì wà níbẹ̀, òun àti Y13 ló ń gbé iṣẹ́ náà.

Ẹ wá lọ sí apá ìparí pròtíìnì kan náà. Ẹ ó rí LFLTNL, lẹ́yìn rẹ̀ HDIAFVEF. InterPro máa pe èyí náà ní RRM, kò sì purọ́, torí bó ṣe ká gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí R àti G wà, H àti D ló wà, D sì ń gbé charge òdì bíi RNA fúnra rẹ̀. Abala kejì yìí kì í di hairpin (RNA tó ṣẹ́ padà sórí ara rẹ̀, tó fi ní igi àti orí) tí ti àkọ́kọ́ ń dì mú. Pròtíìnì kan, RRM méjì, orúkọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò ní kọ "ó ní RRM, nítorí náà ó ń di RNA mú" mọ́.

Wíwá RRM nínú iṣu

Nílẹ̀ wa níbi tí iyán ti jẹ́ ọba oúnjẹ, kò sí ìdí tí gbogbo iṣẹ́ yóò fi dá lórí pròtíìnì èèyàn. Jínómù iṣu funfun, Dioscorea rotundata, ti jáde láti 2017. Ẹ gba fáìlì pròtíìnì rẹ̀ sílẹ̀ láti NCBI, kí ẹ sọ ọ́ ní isu.fasta. Ẹ gba àwòṣe PF00076, ìyẹn àwòṣe RRM ti Pfam, sílẹ̀ ní InterPro (Pfam ti wọ inú ibẹ̀ báyìí), kí ẹ sì fi HMMER, ètò tó ń fi àwòṣe wá abala nínú pròtíìnì, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wá kọ:

hmmsearch --cut_ga --domtblout esi.txt PF00076.hmm isu.fasta

Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ láti ibí yìí lọ, kọ̀ǹpútà lásán sì lè parí rẹ̀ láìpẹ́. Ìdí tí a fi kọ --cut_ga ni pé ó ń lo ààlà tí àwọn tó ṣe àwòṣe náà fúnra wọn fi lélẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àwọn pròtíìnì tó kàn jọ RRM lójú á kún inú èsì. Nínú esi.txt, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ abala kan, kì í ṣe pròtíìnì kan. Pròtíìnì tó ní RRM mẹ́ta máa gba ìlà mẹ́ta. Òpó 13 ni E-value abala náà, ìyẹn iye ìgbà tí irú èsì bẹ́ẹ̀ lè kàn ṣèèṣì wáyé. Òpó 20 àti 21 ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ẹ má ṣe gé abala níbi tí òpó 20 àti 21 bá sọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ti bàjẹ́ síbí, ó sì máa ń dùn wá nítorí owó plasmid (òrùka DNA tí a fi ń gbé jíìnì sínú bakitéríà) tó bá a lọ. Àwòṣe náà kò gùn ju nǹkan bí 70 lọ. Inú RNP2 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í gba ọ̀já kẹrin dé òpin. Ẹni tó bá gé e bẹ́ẹ̀ ti fa ọ̀pá kan yọ létí ẹní, ìyókù á tú. Pròtíìnì á wá jáde lára bakitéríà bí ẹrẹ̀ tí kò yọ́. Ẹ fi ó kéré tán lẹ́tà 10 kún un níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì wo àwòrán rẹ̀ ní AlphaFold Database, àkójọ ìrísí pròtíìnì tí kọ̀ǹpútà méfò: ibi tí ojú àwòrán bá ti di okùn tó ń fì láìní ìrísí ni kí ẹ gé. Ti U1A, 2 dé 98 ni àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú RNA ní 1994 lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RRM gan-an ti parí kí ó tó dé 90. Okùn lílọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn ọ̀já kẹrin tó ń kópa nínú ìdìmú náà. Ẹ lè ṣí àwòrán yẹn fúnra yín nínú PyMOL tàbí ChimeraX, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1URN. Ẹ tan Y13 àti F56 ní àwọ̀ pupa, ẹ ó rí lẹ́tà RNA tó jókòó lé wọn lórí.

Omi, ìbọ̀wọ́, àti ọ̀tá tí a kò fojú rí

Ní láàbù, ohun tó ń ba iṣẹ́ RNA jẹ́ jù ni RNase, èròjà tó ń gé RNA wẹ́wẹ́. Ó wà nínú òógùn, itọ́, eruku ọyẹ́, àti lórí tábìlì. Sísè kò pa á, torí bó bá tutù, yóò tún ká padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá ti fọwọ́ kan fóònù tàbí ilẹ̀kùn.

Omi: 1 ml DEPC (èròjà tó ń ba RNase jẹ́) sínú lítà 1 omi tí wọ́n ti sọ di mímọ́, ẹ mì í dáadáa lábẹ́ fume hood, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá gbé e sínú autoclave ní 121°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣì wà, DEPC lè má tíì tán níbẹ̀, ó sì lè ba RNA yín jẹ́. Ẹ dá a padà sínú autoclave. Ẹ má da DEPC sínú bọ́fà tó ní Tris, torí Tris fúnra rẹ̀ máa ń gbà á mú. Omi tó ti jáde nínú autoclave ni kí ẹ fi po Tris. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú títì kò lè rọ́pò èyí. Ohun èlò gíláàsì, ẹ yan án nínú ààrò ní 180°C fún wákàtí 8. Tíìpù àti ike kékeré, ọ̀rá tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọwọ́ bọ̀ ni kí ẹ ṣí.

Pípèsè pròtíìnì

Ẹ gbé jíìnì abala 2–98 ti U1A sínú plasmid pET tó ní His-tag (àmì tí a ó fi mú pròtíìnì náà), ẹ fi sínú E. coli BL21(DE3). Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì tí F56 ti di A (alanine), ìyẹn F56A. Kò sẹ́ni tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láìní ẹ̀dà yìí, torí òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Nínú mílílítà 500, ẹ jẹ́ kí bakitéríà dàgbà ní 37°C títí OD600 (bí omi náà ṣe ṣú tó) á fi dé 0.6, ẹ fi IPTG, tó ń mú kí bakitéríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pròtíìnì náà, sí i kó di 0.5 mM. Ìwé sábà máa ń sọ pé 18°C mọ́jú. Bí iná kò bá dá yín lójú mọ́jú, 37°C fún wákàtí 3 lójú ọ̀sán sàn ju kí ẹ̀rọ dúró láàárín òru, kí bakitéríà sì kú sínú ìgò. RRM kékeré tó lágbára bíi ti U1A sábà máa ń gba èyí. Ti iṣu tí ẹ kò tíì mọ ìwà rẹ̀ lè má gbà á, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú mílílítà 10.

Ẹ tú sẹ́ẹ̀lì sínú 50 mM sodium phosphate pH 8, 500 mM NaCl, 10 mM imidazole, kí ẹ fọ́ wọn lórí áìsì. Ẹ má fi RNase A sí i, bó ti wù kí ìlànà àtijọ́ kan sọ fún yín tó, torí kò ní kúrò lára pròtíìnì yín tán. Ẹ yí i ní 15,000 g fún ìṣẹ́jú 30, ẹ da omi òkè sórí 1 ml Ni-NTA (ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ní nickel, tí His-tag ń lẹ̀ mọ́). Ẹ fi mílílítà 20 bọ́fà tó ní 20 mM imidazole àti NaCl 1 M fọ̀ ọ́. Iyọ̀ púpọ̀ yìí ṣe kókó: RNA bakitéríà ti gun ẹní náà kí tiyín tó dé, iyọ̀ ló ń lé e kúrò. Ẹ wá fi 250 mM imidazole yọ pròtíìnì ní mílílítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi dialysis gbé e sínú 20 mM Tris pH 7.5, 100 mM NaCl, 1 mM DTT, 10% glycerol.

Wíwọn rẹ̀ ní ẹ̀tàn. Abala 2–98 kò ní tryptophan kankan, tyrosine mẹ́rin péré ló ní, nítorí náà agbára rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ ní 280 nm jẹ́ 4 × 1490, ìyẹn 5960 fún M kan nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ̀rọ bá kà 0.60, ẹ pín in fún 5960: nǹkan bí 100 µM ni. Pròtíìnì 1 mg nínú 1 ml kò fún yín ju nǹkan bí 0.5 lọ. RNA 0.04 mg péré nínú 1 ml náà lè fún yín ní 0.5. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí RNA kékeré lè jẹ́ kí ẹ rò pé pròtíìnì yín jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ wo A260 sí A280 (ìmọ́lẹ̀ tó gbà ní 260 nm, tí a pín fún ti 280 nm): nǹkan bí 0.6 dára, bó bá ti kọjá 0.8 ẹ fura, bó bá dé 1 ẹ padà lọ fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ tún fi Bradford, ìdánwò àwọ̀ tó ń wọn pròtíìnì, jẹ́rìí sí i.

Kí ẹ tó gbàgbọ́ nínú pròtíìnì yẹn, ẹ fi díẹ̀ pọ̀ mọ́ RNA ní 37°C fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì sá a lórí jẹ́ẹ̀lì 15% tó ní urea 7 M. Bí RNA bá ti fọ́, RNase wà níbẹ̀, ẹ má tẹ̀ síwájú.

RNA àti ìpòpọ̀

Hairpin II ti U1 (RNA inú U1 snRNP, èyí tí U1A ń dì mú) tí ẹ máa pàṣẹ fún ni AAUCCAUUGCACUCCGGAUUU, lẹ́tà 21, pẹ̀lú FAM (àwọ̀ tó ń tàn) ní iwájú. Èyí tó wà fún ìfiwéra ni AAUCCAAACAACUCCGGAUUU: igi rẹ̀ kò yàtọ̀, orí rẹ̀ nìkan ni a yí padà. Ẹ pín wọn sí ike kékeré, ẹ fi fọ́ìlì bò wọ́n torí ìmọ́lẹ̀ ń pa FAM. Lójọ́ iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di 50 nM, ẹ gbé e sí 90°C fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì tì í bọnú áìsì lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú 5. Bó bá tutù díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì ki, méjì-méjì ni wọ́n máa so pọ̀, wọn ò ní ká sórí ara wọn.

Ìpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 µl. Bọ́fà rẹ̀ ní òpin: 10 mM Tris pH 7.5, 100 mM NaCl, 1 mM MgCl₂, 1 mM DTT, 5% glycerol, BSA 0.1 mg/ml, tRNA 0.05 mg/ml. tRNA wà níbẹ̀ kí pròtíìnì tó kàn ń fà mọ́ RNA lásán má bàa tàn yín jẹ. Ẹ fi 2 µl RNA 50 nM sí i, kó di 5 nM. Ní ti pròtíìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10 µM, kí ẹ máa fi 1 pò mọ́ 2 títí yóò fi di ìwọ̀n méje. Bí ẹ bá fi 2 µl ìkọ̀ọ̀kan sí 20, ẹ ó ní 1000, 333, 111, 37, 12, 4 àti 1.4 nM. Ìkẹjọ kò ní pròtíìnì. Bọ́fà tó ní BSA ni kí ẹ fi pò ó, torí pròtíìnì tó ṣàn jù máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ẹ ó sì rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí áìsì fún ìṣẹ́jú 30.

Jẹ́ẹ̀lì

Fún mílílítà 10 jẹ́ẹ̀lì 8%: acrylamide 30% tí wọ́n ti po bis mọ́ 2.67 ml, TBE 5× 1 ml, omi 6.2 ml, APS 10% 100 µl, TEMED 10 µl. Acrylamide tí kò tíì dì jẹ́ májèlé fún iṣan ara, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ fi TBE 0.5× sínú àpótí, ẹ kọ́kọ́ sá a lófìfo ní 100 V fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ pa iná fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó kó ìpòpọ̀ sí i, kí ẹ sì tàn án padà lójú ẹsẹ̀. Glycerol ti mú un wúwo tó láti rì. Àwọ̀, inú ihò kan tó ṣófo ni kí ẹ kó o sí, kí ó má bàa bo FAM. SDS kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Ní 100 V, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 tó.

Jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ tutù. Lọ́sàn-án gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn Adó, láàbù tí kò ní AC máa ń gbóná tó láti jẹ́ kí pròtíìnì já sílẹ̀ lára RNA nínú jẹ́ẹ̀lì. Ẹ gbé àpótí náà sínú kúlà tí áìsì yí ká, àárọ̀ kùtù sì sàn ju ọ̀sán lọ. Ẹ so ó mọ́ ìnfátà láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì kékeré kì í jẹ iná púpọ̀, ìnfátà ilé lásán lè gbé e. Bí iná bá lọ láàárín tó sì pẹ́, àwọn ìlà á fẹ̀, wọ́n á sì máa tú. Ó sàn kí ẹ tún un ṣe ju kí ẹ máa ṣàlàyé jẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún olùyẹ̀wò.

Bí láàbù yín kò bá ní ẹ̀rọ tó ń rí FAM, ẹ lo RNA lásán ní 1 µM, pròtíìnì láti 0.25 dé 4 µM, kí ẹ yọ tRNA kúrò torí òun náà máa gba àwọ̀, kí ẹ sì fi SYBR Gold kun jẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tó bá parí. Yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún yín. Kò lè sọ bí ìdìmú náà ṣe lágbára tó.

Kíka ohun tí jẹ́ẹ̀lì sọ

RNA tó dá wà á sá lọ sísàlẹ̀. Èyí tí pròtíìnì dì mú á dúró lókè. Bí pròtíìnì ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà ìsàlẹ̀ á máa ṣá, tí tòkè á máa tàn. Lórí F56A àti lórí orí hairpin tí a yí padà, kí nǹkan má ṣẹlẹ̀, àfi bóyá díẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga jù.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá há sínú ihò láìwọ jẹ́ẹ̀lì, pròtíìnì ti dì gbaga. Ẹ fi centrifuge yí i kí ẹ tó lò ó. Bó bá ń fà gbọọrọ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó ń dì í mú ṣùgbọ́n ó ń já nígbà tó ń rìn: ẹ mú jẹ́ẹ̀lì tutù sí i, ẹ dín àkókò kù, tàbí ẹ lọ lo fluorescence polarization tí kò nílò jẹ́ẹ̀lì. Bí àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ ihò kan bá ń dín kù bí pròtíìnì ṣe ń pọ̀, tí nǹkan kan kò sì hàn lókè, RNase ni. Bí F56A náà bá gbé RNA sókè bákan náà, tí orí hairpin tí a yí padà kò sì mú ìyàtọ̀ wá, charge ló ń ṣiṣẹ́, ojú ẹní kọ́. Ẹ fi tRNA kún un tàbí kí ẹ gbé iyọ̀ sókè sí 200 mM.

Ti Kd, ìyẹn ìwọ̀n tí ìdajì RNA ti wà lọ́wọ́ pròtíìnì, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ó ń jẹ́ òtítọ́ kìkì bí RNA tí ẹ lò bá kéré sí Kd dáadáa. U1A lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lórí iyọ̀ kékeré, 5 nM RNA ti pọ̀ jù fún un. Ohun tí ẹ ń wọ̀n nígbà náà ni iye pròtíìnì yín tó ṣì wà láàyè. Ìyẹn wúlò fún nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní Kd. Bí ẹ bá gbé NaCl sókè, ìdìmú á rọ̀, ẹ ó lè wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n iyọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Òdìkejì ni RRM iṣu tí ẹ kò mọ̀: ọ̀pọ̀ RRM tó dá wà kò lágbára, micromolar ni wọ́n ń wà. Ẹni tó bá dá ìwọ̀n rẹ̀ dúró ní 1 µM lè sọ pé kò di nǹkan kan mú, nígbà tó jẹ́ pé ìdìmú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní 10 µM. Ẹ gbé e dé 50 µM bí pròtíìnì bá gbà bẹ́ẹ̀.

Pròtíìnì tó kù, ẹ pín in sí 20 µl ní ike kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sí –80°C. Níbi tí iná kò bá ti dúró, ẹ sọ glycerol rẹ̀ di 50% kí ẹ fi sí fírísà –20°C. Kò ní dì gbaga, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò sì ní máa fọ́ ọ. Ike tí ẹ bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a padà. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ yí i ní centrifuge, ẹ tún A280 kà, kí ẹ sì sá ihò méjì péré: ọ̀kan láìsí pròtíìnì, ọ̀kan ní 111 nM. Bí èyí kò bá gbé gbogbo hairpin II sókè bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ pèsè tuntun.